Bí Mo Ṣe Wọ Igbó Àwátì Nítorí Ọmọ Odó Inú Àṣá Mopélọ́lá

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ènìyàn Àgbàrígò. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó tètè wúkọ́ rẹ̀ tán; ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún, kó fún un lọ́mú; nítorí bí mo bá la ẹnu báyìí, n kì í pa á dé títí ìtàn yóò fi délé. Òjò yìí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ sóko, kò sì sí ohun tó yẹ ènìyàn nínú òjò ju kó jókòó ti àgbà ọdẹ lọ. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí ọmọ Awẹ́lẹ́nu, èmi tí ìkookò rí tó gbàgbé ọ̀nà ilé rẹ̀, èmi tí ẹkùn bá pàdé lójú ọ̀nà tóóró tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ní, “Baba, ẹ máa kọjá.” Láníyọnu, mo rí ọ o! Yọ ọwọ́ kúrò lẹ́nu kí o rẹ́rìn-ín rẹ síta. Ẹni tí kò wọgbó rí ló máa ń bi ọdẹ bóyá òótọ́ ni.

Ìtàn tòní kì í ṣe ti ẹran pípa. Irin kékeré kan ni mo wá lọ, irin tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Bí n kò bá rí i ni, obìnrin kan ì bá ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú yìí láéláé, inú mi ì bá sì bàjẹ́ títí dọjọ́ ikú mi. Ẹ̀yin onílé mọ obìnrin náà, ṣùgbọ́n mo rí àlejò láàrin yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Mopélọ́lá lorúkọ rẹ̀, ìyá Kọ́láwọlé, opó Sájẹ́ǹtì Adégoróyè. Sójà òfurufú ni Adégoróyè. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àga àti tẹlifísàn wálé, òun gbé ọkọ̀-òfurufú kékeré kan wá. Ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì kò ju apá ènìyàn lọ, kò lè gbé èkúté, ká má tíì sọ ènìyàn. Orí ilẹ̀ ni olówó rẹ̀ máa ń dúró sí, á gbé rédíò kan dání tí irin gígùn yọ lórí rẹ̀, á máa fi àtàǹpàkò tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọkọ̀ náà á sì máa gbọ́ràn lókè lọ́hùn-ún. Bó bá ní kó yà sí ọ̀tún, á yà. Bó bá ní kó takìtì, á takìtì. Adégoróyè kùn ún ní àwọ̀ àṣá, ó ya èékánná sí i lábẹ́, gbogbo wa sì ń pè é ní Àṣá. Ó kọ́ ìyàwó rẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀ dáadáa kó tó di pé ọlọ́jọ́ dé bá a.

Ohun tó fi sílẹ̀ fún Mopélọ́lá kò ju méjì lọ: àkùrọ̀ ìrẹsì tó wà nísàlẹ̀ òkè, àti Àṣá yìí. Àwọn méjèèjì sì jọ ń rìn ni. Ẹ mọ ẹyẹ ẹ̀gà. Bí ìrẹsì bá ti ń yọ ọmọ, wọ́n á dé bí ìkùukùu, wọ́n á bo oko mọ́lẹ̀, ariwo wọn nìkan tó láti lé onílé jáde. A ti wọ ère láṣọ àkísà fún wọn rí; orí rẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí jẹun. Ṣùgbọ́n bí Mopélọ́lá bá ti gbé Àṣá sókè, tí ẹ́ńjìnnì imú rẹ̀ ń ké rárárárá, tó sì já wálẹ̀ láti inú oòrùn, háà! Ẹ̀gà á gbàgbé ìyàwó, á gbàgbé ọmọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyí. Lọ́jọ́ ọdún Ògún, kò sí irin tí kì í gba epo nílùú wa. Àdá gbà, ọkọ́ gbà, ìbọn gbà, kẹ̀kẹ́ gbà, ẹ̀rọ ìlọta Ìyá Sùúrù pàápàá gba tirẹ̀. Ògúnbámbọ̀, olórí àwọn alágbẹ̀dẹ, ń lọ láti ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú igbá epo pupa lọ́wọ́. Ó dé ilé Mopélọ́lá, kò bá a nílé, ó rí Àṣá lórí tábìlì. Ó ní, “Irin tó gba oko là lọ́dún tó kọjá rèé, ẹnikẹ́ni ò sì rántí fún un ní nǹkan kan!” Ó da igbá epo sí i nímú títí tó fi ń ṣàn lábẹ́. Inú rere ni o. Ògúnbámbọ̀, gbé orí sókè, ọ̀rọ̀ ti tán nílẹ̀.

Àṣé irin yẹn kì í jẹ epo pupa. Ọtí líle tí wọ́n po mọ́ òróró làrà ló ń mu. Inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, odó kékeré kan ló wà níbẹ̀, ọmọ odó sì wà nínú odó náà. Bí ọmọ odó bá ń lọ sókè sódò, abẹ̀bẹ̀ iwájú á máa yí, Àṣá á sì fò. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní pístìn. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, ọmọ odó ni mo ń pè é. Epo dì sí odó nínú òtútù òwúrọ̀, Mopélọ́lá kò mọ̀, ó yí abẹ̀bẹ̀ láti ta á jí, ẹ́ńjìnnì ké kẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọmọ odó sì fọ́ yángá sínú odó.

Ó gbé e lọ sí Ìlọrin. Àwọn mẹkáníìkì ibẹ̀ wò ó, wọ́n ń fi han ara wọn bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Wọ́n ní, “Mama, ti tírélà la mọ̀ o. Tó bá jẹ́ ti tírélà ni, ẹ ò bá ti máa lọ sílé.” Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà ti kógbá sílé tipẹ́tipẹ́. Ìrẹsì sì ti ń nà sókè. Lọ́jọ́ kan ni Mopélọ́lá wá bá mi ní àgbàlá mi, ó kúnlẹ̀, ó ní òun wá dágbére.

Mo ní, “Ìdágbére bí ti báwo? Níbo lò ń lọ?”

Ó ní, “Baba Ọdẹ, Kọ́láwọlé ní bí ẹyẹ bá jẹ ìrẹsì ọdún yìí, òun ń gbé ọkọ̀ bọ̀ ní ìgbà ìkórè láti kó mi lọ sọ́dọ̀ òun ní Ìlọrin. Ó ní kí n wá máa gbọ́mọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹyẹ máa jẹ ẹ́. N ò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kí ni n óò jẹ níhìn-ín?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, mo máa ń lọ jókòó sẹ́bàá àkùrọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, mo máa ń sọ pé ọ̀yà ni mò ń ṣọ́. Ọ̀yà wo? Òun ni mò ń ṣọ́. N kò tíì rí ẹnu sọ ọ́ fún un, ó tún wá ń bá mi sọ̀rọ̀ Ìlọrin. Mo fò dìde, mo ní, “Mopélọ́lá, lọ gbé odó náà wá! Bí ọmọ odó tó bá a mu bá wà lábẹ́ ọ̀run yìí, èmi Ọdẹ́jìnmí yóò mú un dé kí ìrẹsì tó gbó.”

Ó tú odó náà jáde, ó fi òróró làrà fọ̀ ọ́ mọ́, ó wé e sínú aṣọ funfun. Ó ní, “Baba, ẹ gbọ́ o. Bí ọmọ odó bá tóbi, kò ní wọlé. Bó bá kéré, kò ní léèémí. Ẹ fi ìka dí odó lẹ́nu, kí ẹ wá ti ọmọ odó láti ìsàlẹ̀. Bó bá ń tì yín lọ́wọ́ padà, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n tì í, òun gan-an nìyẹn.” Mo gbé ìbọn, mo gbé àpò, mo dorí kọ Igbó Àwátì. Baba tó bí mi lọ́mọ ló sọ fún mi pé gbogbo ohun tí ènìyàn wá títí tí kò rí, ibẹ̀ ló ń lọ jókòó sí. Bí mo ṣe rìn débẹ̀ kò kàn yín. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn.

Ẹnu ibodè igbó náà ni mo ti pàdé iwin kan tó ń jẹ́ Bèèrè-kó-o-tó-wọlé. Imú rẹ̀ gùn débi pé ó wé e mọ́ ọrùn bí ìborùn. Ó ní, “Ọmọ ènìyàn, dáhùn kí n má jẹ ọ́. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, kò kúrò lójú kan. Kí ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. Ta ló fi àlọ́ dẹ́rù ba èmi rí? Mo ní, “Ilẹ̀kùn ni.”

Ó ní, “Ilẹ̀kùn ni gbogbo wọn ń sọ. Wo eegun wọn.”

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, eegun ni lóòótọ́, wọ́n tò wọ́n bí igi ìdáná. Ẹ̀rín mi gbẹ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kan odó nínú àpò, mo yáa pariwo pé, “Mo mọ̀ pé ilẹ̀kùn kọ́! Ọmọ odó inú ẹ́ńjìnnì ni!” Kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó ní kí n fi hàn òun. Mo yọ odó síta, mo ní, “Fi ìka rẹ sí i, kí o máa tì í lọ, kí o máa fà á bọ̀.” Ó kì í bọ̀ ọ́, ó tì í lọ, ó dára, ó ní kóun fà á bọ̀, kò wá mọ́! Ó fà á títí, imú rẹ̀ tú kúrò lọ́rùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọ ọwọ́, ó ń pe ìyá rẹ̀. Mo ní, “Iwin, ta ló ni ìdáhùn?” Ó ní, “Ẹ̀yin ni, baba mi, ẹ̀yin ni, ẹ gbà mí!” Mo tu itọ́ sí i lẹ́yìn ìka, mo yí i pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ó yọ pọ́ọ̀! Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, mo kọjá.

Mo dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Má-tún-un-ṣe. Ní ìlú yìí, wọn kì í tún nǹkan ṣe. Ohun tó bá ti bàjẹ́, wọ́n gbà pé ó kú, wọ́n á sì sin ín tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Àtùpà kan tí gíláàsì rẹ̀ fọ́ ni wọ́n ń sin lọ́jọ́ tí mo dé. Àwọn obìnrin ká ọwọ́ lérí, wọ́n ń sunkún pé, “Àtùpà o, ta ni yóò máa tàn fún wa?” Mo ní gíláàsì nìkan ló sáà fọ́, ẹ rọ òmíràn sí i. Háà! Ariwo ta. Wọ́n ní ṣé mo ti gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń rọ orí mìíràn sí òkú lọ́rùn rí? Ibi tí a bá dé là ń ṣe, mo yáa bọ́ fìlà, mo ní ẹ kú àdánù.

Ìyá Ẹkún ni olórí wọn, arúgbó kan tí omijé ti la ọ̀nà méjì sí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo bi í bóyá wọ́n ti sin ọkọ̀-òfurufú kékeré rí. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan wà lábẹ́ igi ìrókò lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ìbátan rẹ̀ nìkan ló lè hú u. Bí o bá jẹ́ ìbátan rẹ̀, kì í ní oríkì rẹ̀ ká gbọ́.” Wọ́n rò pé wọ́n mú mi. Wọn kò mọ̀ pé ọdẹ tó ń sun ìjálá ni mí. Mo dúró lórí sàréè, mo gbé ohùn sókè:

Ọmọ odó tí kì í gúnyán,
Afẹ́fẹ́ ló ń gún fi jẹun.
A-mutí-líle-má-ta-gọ̀ọ́gọ̀ọ́,
Kékeré tó gbé ńlá ròkè,
Ìwọ lo ké tí gbogbo ẹyẹ gbàgbé orin.
Oorun lò ń sùn, àbí o kàn ń sinmi?
Ará ilé rẹ dé o, dìde kí mi.

Gbogbo wọn bú sẹ́kún. Ìyá Ẹkún fúnra rẹ̀ ló gbé ṣọ́bìrì lé mi lọ́wọ́. Mo wa ilẹ̀, mo bá a, mo tú ọmọ odó rẹ̀, inú mi dùn débi pé mo jó lórí sàréè. Mo kì í bọ odó Mopélọ́lá, mo fi ìka dí i lẹ́nu, mo tì í. Kò tì mí padà. Ó kàn yọ́ wọlé gẹ́rẹ́ bí ẹni tó ń wọ ilé àna tó mọ̀. Kò léèémí.

Ìyá Ẹkún ní, “O ti jí òkú, o sì tún fẹ́ fi í sílẹ̀. O ní láti sunkún rẹ̀ kó tó padà sùn.” Mo ní ọkùnrin ni mí, ọdẹ sì ni mí, ẹkún kì í wá bọ̀rọ̀. Wọ́n ní bí n kò bá sunkún, wọ́n á sin mí tì í. Mo fún ojú, mo fún imú, omi kò jáde. Mo wá rántí ọkọ̀ Kọ́láwọlé lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n ń di ẹní Mopélọ́lá mọ́ orí rẹ̀, tí wọ́n ń gbé ìkòkò rẹ̀ wọlé, tí òun sì ń juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé. Ẹ̀yin ènìyàn, mo sunkún! Mo sunkún débi tí àwọn ẹlẹ́kún gan-an ń bẹ̀ mí pé ó tó. Ìyá Ẹkún fi ìborùn rẹ̀ nu ojú mi, ó ní, “Ohun tí o ń wá wà ní Ìlú Wẹ́wẹ́, lọ́wọ́ Ìyá Alágbẹ̀dẹ. Ṣùgbọ́n igbó àwọn ẹ̀gà ló wà láàrin. Wọ́n sì ti gbọ́ pé ò ń bọ̀.”

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kí n tó rìn wọ inú igbó náà tán, ọ̀run ti ṣú fún ẹ̀gà. Wọ́n ya àpò mi, wọ́n tú gbogbo ẹrù inú rẹ̀ dànù. Odó ni wọ́n ń wá. Bí odó bá sọnù, kí ni n óò fi wọn ọmọ odó? Mo sọ odó sínú ẹnu, mo pa ẹnu dé pinpin. Ọba wọn bà sórí ẹ̀ka níwájú mi, àyà rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ó ní, “Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọdẹ́jìnmí nìyí. Ìgbà wo ló pa ẹnu dé rí? Ẹ jẹ́ ká kàn máa bá a sọ̀rọ̀.”

Ẹ gbọ́ ìyà! Èmi tí mo máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun! Wọ́n tẹ̀ lé mi láti igi dé igi, wọ́n ń bú mi. Ọ̀kan ní, “Ṣé ọdẹ tó yìnbọn sí òkété tó pa ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ nìyí?” Òmíràn ní, “Òun ni. Baba rẹ̀ ló máa ń dẹ pàkúté fún ìgbín. Ìgbín sì ń sá mọ́ ọn lọ́wọ́!” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín kèékèé. Baba mi! Awẹ́lẹ́nu tó pa ẹkùn! Èsì kún inú mi, ó fẹ́ẹ̀ bẹ́. Ó jẹ́ èsì tó dára púpọ̀, mo ṣì rántí rẹ̀, n óò sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ tí kò bá sọ́mọdé níjokòó. Ṣùgbọ́n mo rántí ohun tí àwọn àgbà sọ, pé ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ. Mo gbé e mì.

Ọba ẹ̀gà wá rọra bà sí èjìká mi, ó sọ ọ́ sí mi létí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: “Mopélọ́lá ní kàkà kóun fẹ́ ọ, òun á kúkú fẹ́ akika. Ó ní akika dákẹ́ jù ọ́ lọ.”

Áà! Mo ge eyín mọ́ irin tó bẹ́ẹ̀ tí eyín kan kán. Ẹ wò ó, àlàfo rẹ̀ rèé. Láníyọnu, sún mọ́ ibí kí o wò ó dáadáa, ìwọ tó ń pè mí ní òpùrọ́. Mo gbé eyín mì, mo gbé ẹ̀jẹ̀ mì, mo gbé ọ̀rọ̀ mì, n kò la ẹnu. Nígbà tí mo fi dé etí igbó náà, ẹ̀gà ti bú mi títí ohùn wọn ti há. Wọ́n jókòó sórí igi, wọ́n ń wò mí tìyanu-tìyanu.

Ìlú Wẹ́wẹ́ nìyẹn níwájú mi. Ohun tó bá ju àtàǹpàkò lọ, wọn kì í ṣe é níbẹ̀. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe òpó ilé. Ìyá Alágbẹ̀dẹ nìkan ló tóbi bí ènìyàn, òun náà sì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ́nà méjì kó má ba ilé onílé jẹ́. Mo pọ odó sí àtẹ́lẹwọ́, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá. Ògún á gbè yín.” N kò kí wọn dẹ́nu dúró, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti gbé mì ló ń tú jáde, mo rò ó fún wọn láti orí epo dé orí eyín.

Ìyá Alágbẹ̀dẹ gbé odó sétí, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n tẹ́tí sí i. Wọ́n ní, “Mo gbọ́ ọ. N óò rọ ọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ẹwìrì mi kì í fẹ́ iná lásán, ìtàn ló ń mú un mí. Ìtàn tí o fẹ́ràn jù láyé rẹ ni o máa sọ sí i. Mo sì sọ fún ọ tẹ́lẹ̀, ohun tó bá wọ ẹwìrì mi kì í jáde mọ́. Bí o bá sọ ọ́ tán, kò sí lórí rẹ mọ́ láéláé.”

Èmi náà gbọ́n. Mo sọ ìtàn ìjàpá sí i. Iná wúkọ́. Wọ́n ní, “Gbogbo ayé ló ni ìyẹn.” Mo sọ ti ọjọ́ tí Láníyọnu já sínú kòtò ìyá ẹlẹ́dẹ̀. Iná rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì kú. Wọ́n wò mí lójú. Wọ́n ní, “Ọdẹ, ṣé o fẹ́ ọmọ odó yìí, àbí o kò fẹ́?”

Mo jókòó tì í pẹ́. Mo mọ èyí tí wọ́n ń sọ. Òun ni mo fi ń gbé orí sókè láàrin ọkùnrin. Òun ni mo máa ń sọ bí àlejò bá dé, bí wọ́n bá sọmọ lórúkọ, bí inú mi bá bàjẹ́. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, kí ló kù tí wọ́n á máa pè ní Ọdẹ́jìnmí? Mo tún rántí ẹní tí wọ́n ń dì mọ́ orí ọkọ̀. Mo fi ẹnu sí ẹnu ẹwìrì, mo bẹ̀rẹ̀. Iná náà sọ, ó búyọ, ó kọ mànà dé òrùlé! Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tó bá ti jáde, mo ń gbọ́ bó ṣe ń lọ, ojú rẹ̀ á ṣófo lórí mi. Nígbà tí mo dé ìparí, n kò mọ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Ẹ má bi mí pé ìtàn wo ni. Ta ní ń pariwo ẹfọ̀n lẹ́yìn yẹn? Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ò mọ ẹfọ̀n kankan.

Ìyá Alágbẹ̀dẹ fi ọmọ owú lu irin lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi ọmọ odó tuntun lé mi lọ́wọ́, ó ṣì gbóná. Mo kì í bọ odó, mo fi ìka dí i lẹ́nu, mo tì í. Ó tì mí padà! Mo tún tì í, ó tún tì mí padà, bí ìyàwó tuntun tí wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Mo fò sókè, mo fẹ́ẹ̀ tẹ ilé mẹ́ta mọ́lẹ̀ ní Ìlú Wẹ́wẹ́.

Bí mo ṣe padà kò kàn yín, ṣùgbọ́n mo bá ẹ̀gà nínú àkùrọ̀. Wọ́n ti bo ìrẹsì mọ́lẹ̀, ọba wọn jókòó sórí ère, ó ń pàṣẹ. Mopélọ́lá wà láàrin oko, ó ń fi ìbòrí lé wọn, ó ń sunkún, kò sì sí èyí tó dá a lóhùn. Mo ké sí i láti òkèèrè. Nígbà tó fọwọ́ ti ọmọ odó náà wò, ó gbójú sókè wò mí. Ó to ẹ́ńjìnnì, ó rọ ọtí àti òróró làrà sí i, ó ta abẹ̀bẹ̀. Ó kọ̀. Ó tún ta á. Ó ké! Rárárárárá! Eruku sọ, Àṣá sáré lórí ilẹ̀, ó gbéra, ó ròkè títí tó fi wọnú oòrùn, Mopélọ́lá sì fi àtàǹpàkò yí i padà. Ó já wálẹ̀. Ẹ̀yin ènìyàn, ẹ̀gà tú! Ọba wọn fò kúrò lórí ère láìsí ìyẹ́ ìrù. Mo ké tẹ̀ lé e pé, “Kí akika o!”

Ìrẹsì gbó, a kórè. Kọ́láwọlé gbé ọkọ̀ dé lóòótọ́, ọmọ dáadáa ni, ó wá mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, kò mọ̀ pé ìrẹsì ti bọ́ lọ́wọ́ ẹyẹ. Ìyá rẹ̀ ní kó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó gbé àpò ìrẹsì sí i, ó tún gbé òmíràn sí i títí kò fi sáàyè mọ́, ó pa á dé, ó ní, “Kọ́lá, kí ìyàwó rẹ fún mi. Kó má fi omi púpọ̀ sè é o.” Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó wo èmi tí mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí olè, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Baba Ọdẹ, ó yẹ kí ẹ wá kí wa nílé.” Mo lọ kí wọn pẹ̀lú àwọn ẹbí mi, gbogbo yín lẹ sì mọ ohun tí wọ́n ń lọ kí ènìyàn fún bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ ìdána ni gbogbo èrò pariwo pé, “Baba Ọdẹ, ẹ sọ ti ẹfọ̀n fún àwọn àna yín!” Mo la ẹnu. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Mopélọ́lá nìkan ló wo ojú mi tó rí i pé ẹ̀rù ń bà mí. Ó fà mí sí ìyàrá, mo sọ fún un ohun tí mo san. Ojú rẹ̀ ń dán fún omi. Ó wá ní, “Ẹ jókòó. Ẹ ti sọ ìtàn yẹn fún mi títí ó fi sú mi, mo mọ̀ ọ́n ju orúkọ mi lọ.”

Ó sọ ọ́. Ó ní ọdẹ kan pàdé ẹfọ̀n lẹ́sẹ̀ òkè, ìbọn rẹ̀ kò dún, ó gun igi, ṣòkòtò rẹ̀ ya ní ìdí, ó ń pe ìyá rẹ̀ láti orí ẹ̀ka títí oorun fi gbé ẹfọ̀n lọ. Ìgbà náà ló sọ̀ kalẹ̀ wá pa á. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo di ògiri mú. Mo ní, “Ta ni ọ̀lẹ ọdẹ yìí?” Ó ní, “Ẹ̀yin ni.” Mo ní irọ́ ni! Ó ní, “Ó dáa, ẹ wá sọ bó ṣe rí.”

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí, mo bẹ̀ yín, ṣé mo máa ń mẹ́nu ba ṣòkòtò yíya? Ẹ dákẹ́ ẹ̀rín, kí ẹ dá mi lóhùn! Mopélọ́lá, ìwọ tó ń fẹ́ ìrẹsì lẹ́yìn wọn yẹn, má ṣẹ́jú sí wọn! Bí a bá ti jẹun tán báyìí, ó ń sọ ọ́ fún mi. Ẹfọ̀n náà ń tóbi sí i, ṣòkòtò mi náà sì ń ya sí i. Bó bá parí, mo máa ń sọ fún un pé irọ́ ló pa. Lẹ́yìn náà, mo máa ń ní kó tún un sọ.